Ẹsẹ̀ Òsì Mikail àti Gíà Máńúà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ó ń fi ohun tó ń dùn ún pamọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ni ì bá gba ẹsẹ̀ ènìyàn là.

1.

Mikail ń ta aṣọ òfì lọ́jà Òjé. Bàbá rẹ̀ fi mọ́tò Gọ́ọ̀fù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un kó tó kú, Mikail sì pinnu pé òun máa fi tọ́bò sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí mọ́tò lè sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Yẹ̀kínì, àgbà mẹkáníìkì ní Bẹyẹrúnkà.

Ohun kan wà tí Mikail ò sọ síta. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Ìdí Arère, orúnkún òsì rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò dáadáa. Bó bá ń rìn, ẹ ò ní mọ̀. Àmọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ náà tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Zulaihat ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun ló ń fi òrí pa á fún un láràárọ̀.

2.

Bàbá Yẹ̀kínì ní kó yan gíà tó bá fẹ́.

"Mo lè fi ọtọmátíìkì sí i, á máa yí gíà fúnra ẹ̀. Mo sì lè fi máńúà sí i, kó o máa fọwọ́ yí i, kó o máa fẹsẹ̀ òsì tẹ kilọ́ọ̀ṣì tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà. Èyí tó o bá mú nínú méjèèjì lè gbé tọ́bò. Àmọ́ gbọ́ o, tọ́bò kì í jí lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń sùn, tó bá wá jí, á fò. Lórí òkè, kilọ́ọ̀ṣì lo máa fi kó o níjàánu. Ṣé ẹsẹ̀ ẹ òsì dá ṣáṣá?"

Basit wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Mikail láti ilé kéú. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi máńúà sí i jàre. Mọ́tò àwọn arúgbó ni ọtọmátíìkì."

Mikail bá a rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mi dá ṣáṣá, Bàbá. Máńúà ni kẹ́ ẹ fi sí i."

Bàbá wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ó da. Ìwọ lo ni ẹsẹ̀ ẹ."

3.

Nígbà tí Zulaihat gbọ́, ó gbé ike òrí sílẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Hikmat, ẹ lọ sọ fún Bàbá Yẹ̀kínì. Kò tíì pẹ́ jù."

"Kí n sọ fún Basit pé mo ti di arọ? Ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"Basit fẹ́ràn yín."

"Má dá sí i."

Kò dá sí i mọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí Mikail bá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, Zulaihat á tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

4.

Lójú títẹ́, mọ́tò náà dùn ún wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ dí ní Bẹẹrẹ, orúnkún rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi sáré yọ gíà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dì mú kó tó lè dìde ní mọ́sálásí. Ó ní ẹsẹ̀ ló kú. Ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi.

5.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ ní Òkè Màpó. Basit fẹ́ ya fídíò tí wọ́n á fi han àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí Wasáàpù. Ó ní kí Mikail dá mọ́tò dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kó fi kilọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, gbá a mú síbẹ̀, kó má lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn, kí ẹ́ńjìnnì máa ké. Òun fúnra rẹ̀ rìn gòkè díẹ̀, ó dúró síwájú mọ́tò, ó na fóònù sókè.

"Tí mo bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o gbéra."

Mikail tẹ tọ́tù. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Dúró ná," Basit wí. "Fóònù mi ti kún. Jẹ́ kí n pa nǹkan díẹ̀ rẹ́."

Orúnkún ń gbọ̀n. Mikail lè yọ gíà. Ó lè yọrí lójú fèrèsé kó ní, "Basit, kúrò níwájú, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Àmọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti dúró létí títì, wọ́n ń wòran. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

Ẹsẹ̀ òsì yọ̀ kúrò. Tọ́bò jí. Mọ́tò fò síwájú, ó gbá Basit kó tó ráyè yà.

6.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Basit nísàlẹ̀ orúnkún. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Mikail tó lè jókòó tì í ní ilé ìwòsàn kó jẹ́wọ́. Ó sọ ti ọ̀kadà, ó sọ ti òrí àràárọ̀.

"Ọdún méjì?" Basit bi í.

"Ọdún méjì."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé wàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Màá fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́," Basit wí. "Fún ọjọ́ kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, èmi ni màá lọ bá Bàbá Yẹ̀kínì pé kí wọ́n fi ọtọmátíìkì sí i." Ó kọjú sógiri.

Bàbá Yẹ̀kínì ti yọ tọ́bò àti máńúà náà, ọtọmátíìkì ló wà níbẹ̀ báyìí. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mikail fi ń gbé Basit lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ò níṣẹ́ kankan nínú mọ́tò náà mọ́. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á débí, mi ò ní kẹ́ ẹ má wa máńúà, mi ò sì ní kẹ́ ẹ má fi tọ́bò sí mọ́tò. Ohun tí mò ń sọ ni pé, bí ẹni tó mọṣẹ́ bá bi yín léèrè ohun tó ń ṣe yín, ẹ sọ òótọ́ fún un. Yẹ̀yẹ́ ọjọ́ kan kì í géni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń fi aláìlera ṣẹ̀sín, ẹ ṣọ́ra, torí ẹ ò mọ ẹni tó ń tijú yín, tó sì tẹ kilọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.