Orin Àkọ́kọ́ Tó Dá Kọ

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ yí rédíò yẹn sókè!"

Ara olórin náà yá gágá. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń kọrin tẹ́lẹ̀, orin àkọ́kọ́ tó dá kọ sì ń jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó tún jẹ́ máníjà rẹ̀, yí rédíò sókè láìrẹ́rìn-ín.

Bí orin náà ṣe parí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kẹ́dùn. "Ohùn olóògbé lẹ gbọ́ yẹn o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ti jáde láyé."

Olórin bú sẹ́rìn-ín. "Irú àṣìsọ wo nìyí? Ẹ tètè pè wọ́n, kí màámi tó gbọ́!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Wọn ò ṣì í sọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ní kí wọ́n kéde ẹ̀, wọ́n kàn kánjú ni."