Adárà àti Lẹ́tà Tó Kẹ̀yìn

Ọkùnrin kan wà tí kì í tún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Àléébù tó ní nìyẹn, kò sì kéré. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, orí rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe nǹkan tán, ó tán náà nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, á ní kí lòun tún fẹ́ wò níbẹ̀, ṣebí òun náà lòun ṣe é. Adárà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú ọ̀rọ̀ rìn nínú fídíò. Àwọn tó ń ya fídíò á gbé èyí tí wọ́n yà wá, òun á fi àkọlé sí i, á sì mú kí lẹ́tà máa fò, kó máa jó. Á fi àmì sí ibi tí lẹ́tà yóò ti gbéra, á fi òmíràn sí ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí, kọ̀ǹpútà á sì mú un rin ìrìn tó wà láàárín. Èyí tó sọ ọ́ di olókìkí ni ti lẹ́tà tó ń pòòyì. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á yí po bí ilẹ̀kùn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, á wá kọjú sí èèyàn. Yàrá kan ṣoṣo ló háyà, ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ń mì, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ń tò sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Obìnrin yìí ti rí màbo. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ tó bá bà jẹ́, òun ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí egbò má baà dá sí i lára. Àwọn tí ìyá bí nínú ara rẹ̀ ń fi fóònù béèrè àlàáfíà. Nígbà tí ìyá àgbà dákẹ́, ìyàwó yìí ní òun fẹ́ fi fídíò kékeré kan rántí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí ẹbí yóò péjọ sí, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ìdílé ọkọ mọ̀ pé tìfẹ́tìfẹ́ lòun fi ṣe gbogbo ìtọ́jú yẹn.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà wá fún àbúrò rẹ̀: ÌYÁ WA TI LỌ. Adárà mú kí ÌYÁ máa pòòyì, ó jẹ́ kí ìyókù dúró jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra, ó rí i pé fídíò gùn ju orin abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gé ìrù rẹ̀, ó ní kí àwòrán tó gbẹ̀yìn dúró pa síbẹ̀. Kò mọ̀ pé lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú ÌYÁ kò tíì yí tán, àti pé ẹ̀yìn ló kọ sí èèyàn.

"Àbúrò mi, jẹ́ ká wò ó lẹ́ẹ̀kan ká tó máa lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ yìí."

Ó ti rẹ obìnrin náà, kò bá a jiyàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló tún ń fẹ̀sọ̀ mú nǹkan mọ́?

Ẹ̀yin náà ẹ kọ A ńlá síwèé, kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀yìn ìwé. A náà ni. Àmì orí rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tó ń ké mí tẹ́lẹ̀ á wá máa ké dò. Nínú gbọ̀ngàn, lójú gbogbo ẹbí, ọ̀rọ̀ náà pòòyì, ó sì dúró lára ògiri: ÌYÀ WA TI LỌ. Orúkọ ìyàwó ilé wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin dìde, kò pariwo.

"Ìyàwó, ìyà lo pe ìyá wa?"

Télọ̀ la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ohun tó dì í lẹ́nu ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó ti sunkún rí lẹ́yìn ilé, ó ti bi Ọlọ́run léèrè rí pé ìgbà wo ni yóò tán. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ì bá búra lójú ẹsẹ̀, òun kò lè búra. Àwọn ẹbí rí i pé kò fèsì, wọ́n gbà pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Adárà wà lẹ́yìn, nídìí ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn náà, ojú ń tì í. Ó kàn pa ẹ̀rọ. Ìgbà tí wọ́n ti ń túká ló tó lọ bá wọn pé òun lòun ṣe àṣìṣe, pé lẹ́tà ló kẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wò ó láti òkè délẹ̀, ó bi í bóyá lẹ́tà náà ń bá ẹnì kan jà ni tó fi kẹ̀yìn. Ó tún béèrè ohun tó jẹ́ sí ìyàwó àwọn. Adárà ní àbúrò rẹ̀ lòun.

"Ẹ jọ gbìmọ̀ rẹ̀ ni nígbà yẹn," ni obìnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìdílé ọkọ kì í kí télọ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í dá a lóhùn ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ Adárà náà tàn ká: ẹni tó fẹ́ sìnkú sá fún un, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó sá fún un, wọ́n ní ta ló mọ ohun tí lẹ́tà rẹ̀ yóò sọ. Yàrá rẹ̀ dá páropáro. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Obìnrin náà ń ranṣọ, kò gbé ojú sókè.

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń kà, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni. Máa lọ, àbúrò mi. Má wá mọ́. Ó rẹ̀ mí."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yín dunjú, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ìbẹ̀rù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kì í wò ó. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ tún un wò, pàápàá bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì dé, ẹ tètè jẹ́wọ́, nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì tíì tún ọ̀ràn kankan ṣe rí.