Àdá Lórí Tábìlì Láàbù

Rájí la àdá mọ́ tábìlì láàbù ní Ìkàrẹ́, ìgò ẹ̀jẹ̀ kan já bọ́, ó fọ́.

"Àǹtí, ẹ sọ ọ́. Májèlé tí ẹ̀gbọ́n mi fún ìyàwó mi ni."

Ayẹ̀jẹ̀wò náà kò gbójú kúrò lójú awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Láti wọ́ọ̀dù ni Limota, ìyàwó Rájí, ti ń ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú.

"Bọ̀ọ̀dá, sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun ara. Ṣúgà ni wọ́n ń jẹ jagun. Wọ́n ní àmì lára bí ilà ojú, òun la fi ń mọ àgbà inú wọn. Àwọn àgbà ti kú tán nínú ẹ̀jẹ̀ Limota. Àwọn tí kò tíì gbó ló kù tó ń jà."

"Májèlé ló pa wọ́n."

"Kòkòrò ni, ojú egbò ló gbà wọlé. Gbẹ́rẹ́ ikùn rẹ̀ ti ń ṣọyún. Ta ló sín in?"

"Èmi ni. Abẹ tí mo fi ń fárí ni mo lò. Kí oògùn ẹ̀gbọ́n mi má baà ràn án."

"A ti ń gún un lábẹ́rẹ́, ó lè yè é." Obìnrin náà rọra fa àdá náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, èèkù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ fi èyí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ má lọ bá ẹ̀gbọ́n yín ní Ọ̀kà mọ́."

Rájí jókòó sílẹ̀ láàárín ìgò tó fọ́.

"Àǹtí," ó ní, "Ọ̀kà ni mo ti ń bọ̀."