Orúnkún Kápútẹ̀nì

Ọjọ́ tí Tiwaladé fi ariwo wọlé pé àwọn ti wọ àṣekágbá, gbogbo ilé ló bá a yọ̀, àfi bàbá rẹ̀. Jacob kàn gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè kan.

"Ta lẹ máa bá gbá?"

"A ò tíì mọ̀, Dádì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adégbàyí ṣì máa gbá tiwọn lọ́la."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìròyìn dé pé Adégbàyí borí. Jacob kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Moniya ni wọ́n ń gbé. Akọ̀wé ni Jacob ní ilé iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn kan. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Iṣẹ́ Jacob a máa gbé e káàkiri àwọn oko ìdánwò, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í sùn síta. Tiwaladé ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àjíkẹ́ bí. Ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ọdún yìí ni wọ́n sì fi ṣe kápútẹ̀nì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Adégbàyí ni orogún tiwọn. Bí èkíní bá ra aṣọ eré tuntun, èkejì kò ní sùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, Tiwaladé ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì wú. Ó ti san. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìròyìn Adégbàyí ti dé, ẹnu Jacob kò kúrò lórí orúnkún yẹn mọ́.

"Bó bá tún fi ṣubú, ó parí nìyẹn," ni yóò máa wí. "Ẹsẹ̀ ò ṣeé rà lọ́jà."

Ó mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tẹ orúnkún síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò dáadáa."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí bàbá tó ń wá àìsàn fún ọmọ rẹ̀ rí. Jacob kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Wándé, kóòṣì wọn, lórí pápá.

"Ṣé ẹ ò lè fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀? Ọjọ́ kan péré ni."

"Ẹ̀yin bàbá, kápútẹ̀nì mi lẹ ń sọ yẹn o," Wándé dáhùn. "Kí ẹ̀yin náà kúkú múra ni. Wọ́n ní lọ́dún yìí, kápútẹ̀nì kọ̀ọ̀kan ló máa mú bàbá ẹ̀ jáde kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà fún un lójú gbogbo èèyàn."

Òógùn bo Jacob níbi tó dúró sí, bẹ́ẹ̀ òòrùn ti wọ̀.

Ìbẹ̀rù náà bá a wọlé. Bí fóònù bá dún, a ta gìrì. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àṣekágbá nídìí oúnjẹ, a dìde. Tiwaladé gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún orúnkún.

"Dádì, kápútẹ̀nì Adégbàyí ló ń já mi láyà. Kifayah ni wọ́n ń pè é. Kóòṣì ní bí mo bá fẹ́ mọ bó ṣe ń fò, kí n wo fídíò ara mi."

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kó o máa ṣọ́," Jacob wí.

"Ẹ ti rí i níbi tó ti ń gbá ni?"

Jacob wúkọ́. "Wọ́n ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ ni."

Nígbà tó ku ọ̀la, ó ní àbúrò bàbá òun ń ṣàìsàn ní Ìrókò, òun gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Àjíkẹ́ pe àbúrò bàbá náà láti kí i. Inú oko ẹ̀gẹ́ ló ti gbé e, ó ń kọrin. Àjíkẹ́ gbé fóònù kalẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ títí, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Bàbá Tiwa, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ọmọ yìí ti san. Ẹ ó bá wa lọ."

Gbọ̀ngàn kan ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti fẹ́ gbá a. Jacob ní kí àwọn jókòó sókè pátápátá, lẹ́yìn òpó. Ó fa fìlà bojú. Àjíkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi àmù. Nísàlẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì ń na ara. Kápútẹ̀nì Adégbàyí, tó fi ìborùn dúdú bo irun rẹ̀, ju bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, ó sì wọnú àwọ̀n. Ọwọ́ Jacob gbéra láti pàtẹ́wọ́. Ó tètè ká a kò.

"Ta lẹ fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún?" Àjíkẹ́ bi í tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ni Praise, ọmọbìnrin tó ń darí ètò, bá kéde pé kí kápútẹ̀nì kọ̀ọ̀kan lọ mú bàbá rẹ̀ wá.

"Mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn," Jacob wí. Ó dìde wìrì, fìlà bọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ti dí ọ̀nà pa.

"Ẹ ó gbà á tí ẹ bá dé." Àjíkẹ́ fà á jókòó.

Tiwaladé ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Kò tiro rárá.

"Dádì, ó yá," ó wí, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú.

Jacob kò wò ó. Ẹ̀yìn ọmọ náà ló ń wò.

Kifayah fẹ̀gbẹ́ kọjá láàárín èrò, ó ń mí hẹlẹ, ó di ọwọ́ òsì Jacob mú, ó ní, "Dádì, ẹ padà ráyè wá! Mọ́mì wà nísàlẹ̀, ẹ dìde ká lọ."