Oúnjẹ Ọwọ́ Kan

Ní ọdún 1954, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Bákàrè tó ń ta aṣọ ní ọjà Kumasi lọ bá Máláàmù Sàlísù ní Asawase, ó ní kó fọ inú òun. Ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè fi ọ̀pá wọn aṣọ mọ́, inú rírun kì í sì í jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Moshie Zongo, níṣojú gbogbo jàmáà.

Máláàmù tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀.

"Àgbo tí mo fi ń fọ inú wà," ó ní, "ṣùgbọ́n n kò ní fún ọ lónìí. Ó le. Ọkùnrin kan mu ún lọ́dún tó kọjá láìmúra sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ọjọ́ mẹ́fà ni wàá fi tún ara rẹ ṣe. Kò sí ẹran, kò sí epo, kò sí ata, kò sí obì. Ìrẹsì rírọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀kọ mímu fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi tí wọ́n sè ni kí o máa mu. Má gbé ẹrù, má sì febi pa ara rẹ. Oògùn wo lò ń lò báyìí?"

"Kò sí o, àfi ìgò oògùn agbára kan tí mo rà ní Kejetia. Láti ìgbà tí mo ti ń múra ìyàwó tuntun ni mo ti ń mu ún láràárọ̀."

"Gbé ìyẹn náà tì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kí oúnjẹ rẹ ti máa wá. Mú ọwọ́ tó dá ọ lójú."

Bákàrè mọ ọwọ́ tí kò dá a lójú. Ọdún méjìdínlógún ni ìyàwó rẹ̀, Sàbírátù, ti ń dáná fún un. Òun ló bí Ṣàkírù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọge kan ní Ashanti New Town, Sàbírátù kò jà, kò sọkún. Àwo oúnjẹ ló gbé síwájú rẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Nígbà tó délé, ọ̀dọ̀ Akosua ló yà sí, opó aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé nínú àgbàlá kan náà. Ọmọ Ashanti ni Akosua, ṣùgbọ́n Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ "Agya", ìyẹn bàbá lédè Twi, ló máa ń pe Bákàrè.

"Agya Bákàrè, èmi kẹ̀?" Akosua wo aṣọ tó kún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Èmi tí n kì í ráàyè se tèmi?"

"Ọjọ́ mẹ́fà péré ni. Ẹ̀mí mi ni mo fà lé ọ lọ́wọ́ yẹn."

"Yoo," Akosua ní. "Mo gbọ́."

Bákàrè wá sọ fún Sàbírátù pé kó má dáná fún òun mọ́. Sàbírátù béèrè ohun tí Máláàmù ní kó máa jẹ. Bákàrè ní kò kàn án. Ó ti ìgò Kejetia bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì mu ún mọ́.

Ọjọ́ kejì le. Orí ń fọ́ ọ, obì ń wù ú bí ẹni pé yóò kú. Ọjọ́ kẹta, ó sùn títí ìpè àsùbá fi dún. Ọjọ́ kẹrin, ó mú ọ̀pá, ó wọn aṣọ yáàdì mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó jókòó sórí aṣọ náà, ẹ̀rù sì bà á. Àgbo kò tíì kan ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń yá. Ọwọ́ Sàbírátù ló kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó rí Sàbírátù láti ojú fèrèsé. Ó ń jáde láti yàrá Akosua, ó ń nu ìka rẹ̀ sára ìró, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Bákàrè sáré lọ síbẹ̀. Akosua di abọ́ ẹ̀kọ mú, èéfín ń rú lórí ẹ̀kọ náà.

"Kí ló wá ṣe níbí?"

"Iyọ̀ ló wá yá," Akosua ní.

"Ṣé ó fọwọ́ kan abọ́ yìí?"

"Agya, ẹ mu ún kó tó tutù."

Bákàrè gba abọ́, ó da ẹ̀kọ náà sí gọ́tà, ó ní kó po òmíràn. Ó pẹ́ gan-an kí òmíràn tó dé.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó pe àgbà méjì wá láti mọ́ṣáláṣí. Sàbírátù jókòó sórí àpótí, atẹ́ àgbàdo wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣà á. Bákàrè sọ fún un pé kó di ẹrù rẹ̀.

Sàbírátù gbé atẹ́ sílẹ̀. "Bàbá Ṣàkírù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́fà yìí pé. Tó bá di ọjọ́ keje, ẹ lé mi. N kò ní janpata."

Bákàrè fà sẹ́yìn. Ọjọ́ keje ni yóò mu àgbo, tí inú rẹ̀ yóò ṣófo bí ti ọmọ tuntun. Ṣíbí kan láti ọwọ́ Sàbírátù ti tó láti pa á lọ́jọ́ náà.

"Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀," ó wí. Ó wí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó wí i lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn àgbà méjèèjì dorí kodò. Akosua yọjú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n Sàbírátù mi orí sí i, ó sì wọlé lọ di ẹrù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ kejì, ó ti wọ lọ́rí tó ń lọ sí Accra, láti ibẹ̀ kó wá ọkọ̀ lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà yìí, Bákàrè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kírun ọ̀sán láìfara ti ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn ń kí i kú oríire. Ó padà délé pẹ̀lú ebi, ó jókòó de ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ̀kọ kò dé. Nígbà tí àsárì kù díẹ̀, ó lọ sí yàrá Akosua. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, ojú Akosua pọ́n.

"Akosua, oúnjẹ mi dà?"

"Agya," Akosua ní, "láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Sàbírátù ló ń sè é, èmi kàn ń gbé e wá fún yín ni, torí ó ní ẹ kò ní jẹ ẹ́ tí ẹ bá mọ̀."