Ìjẹ Kò Gbọdọ̀ Kú

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló gbé Lawrence láti Ugbonla wá sí Awoye lọ́jọ́ Sátidé náà. Ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ ló wọ̀. Nígbà tó dé ilé Olówòkéré, ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà lórí pákó iwájú ilé, omi sì ń ṣàn lábẹ́ wọn. Moríkẹ́, àbíkẹ́yìn bàbá, tí kò tíì lọ́kọ, gbé tíì àti búrẹ́dì fún un. Lawrence jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́. Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì lọ bá bàbá rẹ̀ tún fìlà tó dé ṣe.

Fìlà tuntun ni. Kò sẹ́ni tó ń dé fìlà tuntun lọ pa ìjẹ.

Láàárín àwọn apẹja tiwọn, wọn kì í fi ẹnu nìkan ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó yóò bá ẹnì kan láti inú ẹbí ìyàwó lọ sódò, wọn yóò jọ pa ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìwọ̀ lójú òkun. Àwọn ẹja ńlá inú òkun kì í ka òkú ìjẹ sí, nítorí náà, ẹja wẹ́wẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dé èbúté láàyè. Bí wọ́n bá kú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí nìyẹn. Àwọn àgbà gbà pé ẹni tí kò lè tọ́jú ẹja inú korobá, kò yẹ kí wọ́n fi ènìyàn lé e lọ́wọ́. Olówòkéré fúnra rẹ̀ ti bá àwọn tó wá fẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà lọ irú ìrìn àjò yìí. Ó ti lé ọkùnrin kan padà sí Igbokoda rí torí pé ó ki ẹja kún korobá jù.

Bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀ kúrò létí ilé, Gift, aládùúgbò wọn tó ń yan ẹja, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọkọ ìyàwó. Lawrence juwọ́ sí i. Olówòkéré tẹjú mọ́ àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ fa àwọn ìgèrè tí Olówòkéré ti dẹ sáàárín gbòǹgbò igi létí omi, tó fi àgbọn rírin sínú wọn. Ẹja tó kó sínú wọn kò tó nǹkan, àfi kí wọ́n ju àwọ̀n.

Lawrence ló kọ́kọ́ jù ú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ó sì ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan àwọ̀n. Ó fi eyín di etí rẹ̀ mú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti yanu nígbà tó jù ú, díẹ̀ ló kù kí àwọ̀n mú eyín rẹ̀ lọ. Àwọ̀n náà wó sómi ní òkìtì kan. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Olówòkéré, ó gbé e mì. Ó ní jíjù náà kò burú. Bàbá yìí kì í sì í pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kan òun, àwọ̀n ṣí bí agboòrùn, gbogbo òjé etí rẹ̀ sì kan omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá Lawrence rí i. Ó tún jù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ti tó. Ó kó ìwọ̀nba sínú korobá, ó da ìyókù padà sómi. Lawrence fẹ́ bá a gbé korobá, ó kọ̀, ó ní kó jókòó. Àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e sí, ó sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Lawrence bi í pé ta ló ń gbọ́ oúnjẹ fún un látìgbà tí ìyá Moríkẹ́ ti kú.

"Moríkẹ́ ni."

"Moríkẹ́ ò ní gbé ilé yìí títí, Bàbá."

"Mo mọ̀," ni Olówòkéré wí. "Òun ni kì í jẹ́ kí n sùn."

Lawrence ní ìyá òun ń retí èsì nílé, oúnjẹ àná kò tilẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Olówòkéré béèrè bóyá ara ìyá náà le. Lawrence ní ó le. Nígbà tó yá, ó tún bi í.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ayára kan ti sáré kọjá. Ìgbì gbé wọn sókè, Lawrence ta gìrì dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá korobá, gbogbo ẹja sì dà sílẹ̀ ọkọ̀. Lawrence kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí báyìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Olówòkéré ti kúnlẹ̀. Ó ṣí fìlà tuntun, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó ń fi í kó àwọn ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Kò sí ohun tó ṣe. Ṣáà má tẹ̀ wọ́n."

Moríkẹ́ ti ń dúró ní èbúté. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ yìí. Lawrence bẹ̀rẹ̀ mọ́ korobá, ó wò ó títí. Ẹja kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi. Ó fi ìka tọ́ ọ, ẹja náà yí padà, ó bá àwọn yòókù lọ. Olówòkéré kò tíì dìde nínú ọkọ̀, ẹnu Lawrence ló ń wò.

Lawrence fa fóònù yọ, ó pe ilé, ó ní, "Màmá, mo ti yẹ Bàbá wò dáadáa, wọ́n sì tẹ́ mi lọ́rùn: ẹ lè fẹ́ wọn."