Wọ́n Ní Kò Sí, Raliat Bá Kó O Lọ Bá Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ó lè gba ẹ̀mí ẹnìkan là nílé yín.

1.
Aṣọ àǹkárá ni Raliat ń tà l'Ìkirè. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àrínọlá, ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí kòrónà tún gbérí, tí Iléyá ku díẹ̀, Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá àrùn náà lára rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Raliat. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, nọ́ọ̀sì pè é.

"Nẹ́gẹ́tíìfù ni, mà, a ò rí i lára yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ ti tètè wá jù. Àrùn yìí lè ti wọ ara kí àyẹ̀wò má tíì rí i. Ẹ jókòó sílé, ẹ má sún mọ́ àgbàlagbà kankan. A máa tún un ṣe."

"Alhamdulillahi!" Raliat ti pariwo. Ká má purọ́, ó gbọ́ èyí tó kù. Kò kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

2.
Àpòmù ni ìyá rẹ̀, Màmá Sàlámọ̀tù, ń gbé, lọ́dọ̀ Lùkúmọ̀n, àbúrò Raliat. Ó ti pẹ́ tí èémí ti ń ṣòro fún màmá yìí. Bí Lùkúmọ̀n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Àrínọlá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká kí ara wa lórí fóònù lọ́dún yìí. Ẹ mọ bí àyà Màmá ṣe rí."

"Lùkúmọ̀n, ṣé adẹ́tẹ̀ ni mo wá dà? Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní kò sí! Ìwọ ni wàá wá lé mi nílé ìyá mi?"

Lùkúmọ̀n gbé fóònù sílẹ̀. Ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí Iléyá?

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ọ̀fun ń yún Raliat. Ó ní èéfín àgbò táwọn aládùúgbò ń wì ni. Ó wọ ọkọ̀, ó di Àpòmù.

Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Màmá ń já ẹran sí i lẹ́nu bí ọmọ kékeré. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Raliat, ara rẹ gbóná."

"Oòrùn ni, Màmá."

Ẹ̀yin òǹkàwé, oòrùn kọ́.

4.
Kò pẹ́ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Lùkúmọ̀n gbé Màmá dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Raliat ti padà sí Ìkirè. Wọ́n tún un yẹ̀ wò níbẹ̀: àrùn náà ti wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kó má jáde nínú yàrá rẹ̀.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Màmá nímú, wọ́n gbìyànjú. Màmá kú ní òwúrọ̀ Jímọ̀.

Raliat tó kọ̀ láti jókòó sílé nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, inú ilé ló wà nígbà tí wọ́n ń sin ín. Orí fóònù ló ti gbọ́ àdúrà tí lèmọ́mù ṣe sí òkú ìyá rẹ̀ lára. Ó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Ó gbọ́ yẹ̀pẹ̀.

"Lùkúmọ̀n," ó ń sunkún, "ṣé èmi ni mo pa ìyá wa?"



"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀."



Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o! Bí ẹ bá ti bá ẹni tó ní àrùn yìí jókòó, "kò sí" tí wọ́n sọ lónìí lè di "ó wà" lọ́la. Ẹ ya ara yín sọ́tọ̀ títí dìgbà tí oníṣègùn bá ní kí ẹ jáde. Bí ọ̀fun bá ń yún yín, tí ara gbóná, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe, ẹ jìnnà sí arúgbó àti aláìsàn. Bí wọ́n bá sì ní ó wà, bí ara yín tilẹ̀ le koko, ẹ jókòó sílé. Ìyá tó bá wà láàyè yóò rí yín lọ́dún tó ń bọ̀.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.